Òtútù Kan Náà, Aṣọ Kò Dọ́gba

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá, lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ilé iṣẹ́ kan lẹ́bàá ìlú Jọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹran ọ̀sìn ni mò ń ṣe, owó tí wọ́n fẹ́ máa san fún mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí mò ń gbà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ka lẹ́tà náà fún ìyàwó mi, inú rẹ̀ dùn. Mo kà á fún màmá mi, wọ́n dákẹ́. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Ṣé o ti ro ti ọmọ yìí mọ́ òtútù ibẹ̀?"

Àbíkẹ́yìn mi ni ọmọ tí wọ́n ń sọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. SS ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èyí ni pé ó ní àìsàn tí àwa Yorùbá ń pè ní fọ́níkú-fọ́ladìde. Ẹni tó bá ti tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé òtútù kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún un. Màmá mi náà sì mọ ohun tí wọ́n ń béèrè, nítorí Jọ́ọ̀sì ni wọ́n ti bí wọn ní 1952, ibẹ̀ ni wọ́n sì gbé títí wọ́n fi pé ọmọ ọdún méje.

N kò dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo pinnu pé kí n tó kọ̀wé padà, màá kọ́kọ́ wádìí bí àwọn tó ti lọ ṣiṣẹ́ ní Jọ́ọ̀sì ṣáájú mi ṣe wọn ojú ọjọ́ àti ìgbé ayé ibẹ̀ wò kí wọ́n tó gbéra. Mo ka ìwé, mo bi àwọn àgbà léèrè, mo sì lọ fojú ara mi rí i. Ohun tí mo rí ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Kókó rẹ̀ kò ju èyí lọ: ojú ọjọ́ ìlú kan kì í ṣe ohun kan náà fún gbogbo ẹni tó bá lọ síbẹ̀. Ohun tí ènìyàn ní lọ́wọ́ láti fi pàdé rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ìtura tàbí ikú.

Ilẹ̀ gíga, ilẹ̀ tútù

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ náà. Orí òkè pẹrẹsẹ ni Jọ́ọ̀sì wà, nǹkan bí 1,200 mítà sókè ju ojú òkun lọ. Àwọn òkè Shere tó wà ní ìtòsí ìlú náà ga ju 1,800 mítà lọ. Bí ènìyàn bá ṣe ń gòkè sí i ni afẹ́fẹ́ ń tutù sí i. Ìdí nìyẹn tí ìlú tó wà ní àárín gbùngbùn Nàìjíríà, tí oòrùn ń han àwọn aládùúgbò rẹ̀ léèmọ̀, fi ń rí òtútù tí a kì í rí ní ilẹ̀ Yorùbá. Nínú oṣù Kejìlá àti oṣù Kìn-ín-ní, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, òru lè tutù dé dígírì 10, ó sì lè lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà òjò pàápàá, yìnyín a máa bọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn Berom, Anaguta àti Afizere ni wọ́n ń gbé lórí òkè yìí kí àjèjì tó dé. Wọ́n ń gbin achá, irúgbìn kékeré tó jọ yanrìn, tó máa ń so lórí ilẹ̀ tí kò lọ́ràá. Àwọn Fúlàní náà ń da màlúù gba ibẹ̀, torí pé eṣinṣin tó ń fún ẹran ní àìsàn oorun kò pọ̀ níbi tó tutù tó sì ga. Nítorí èyí ni ìjọba amúnisìn fi gbé ibi ìwádìí àìsàn ẹran ọ̀sìn kalẹ̀ sí Vom ní 1924. Fún àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀, òtútù kì í ṣe ìròyìn. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé wọn, wọ́n mọ ìgbà tí wọ́n ń dáná. Àwa tí a tọ ìsàlẹ̀ wá ni a ní láti wọ̀n ọ́n.

Ohun tí òyìnbó wọ̀n

Tánganran ló gbé òyìnbó gun òkè náà. Kí wọ́n tó dé, àwọn alágbẹ̀dẹ ní Liruein Delma ti ń yọ́ tánganran, wọ́n sì ń tà á fún àwọn oníṣòwò. Kuza ni Hausa ń pè é. Ẹ fetí sí bí ó ti jọ kùsà tiwa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Niger Company rán ènìyàn lọ sí agbègbè Naraguta láti wá orísun rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ ìwakùsà fi kún orí òkè náà.

Ìbẹ̀rù ńlá ni ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jẹ́ fún àwọn òyìnbó ayé ìgbà náà. Ibojì òyìnbó ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ibà ń pa wọ́n bí ẹni pa ẹran. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé Jọ́ọ̀sì, wọ́n rí i pé ẹ̀fọn kò pọ̀, pé àwọn lè sùn lábẹ́ kúbùsù, pé òdòdó àti ewébẹ̀ ilé wọn ń hù níbẹ̀. Wọ́n gbin ànàmọ́ òyìnbó tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Áírìṣì lónìí, ó sì ṣe dáadáa débi pé títí di òní, orí òkè náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ ti ń wá sí ọjà wa. Wọ́n kọ́ àdúgbò tiwọn lọ́tọ̀ sí orí ilẹ̀ tó ga, wọ́n kọ́ ilé ìtura. Àwọn ajíhìnrere SIM ní ibi ìsinmi ní Miango, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn tó ń bọ̀ láti ilẹ̀ gbígbóná ti máa ń wá gba atẹ́gùn. Ní 1942, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ Hillcrest sílẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì fún àwọn ọmọ ajíhìnrere.

Èyí fi hàn pé òyìnbó fara balẹ̀ wọn ojú ọjọ́ wò dáadáa. Kì í ṣe ìtura nìkan ni wọ́n ń wá. Ìlú tí wọ́n lè mú ìyàwó àti ọmọ wá láìsí ìbẹ̀rù pósí ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí pé wọ́n ní ilé onípálọ̀ tó ní ibi ìdáná ìyáná, wọ́n ní ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń ṣẹ́gi, wọ́n ní kóòtù onírun àgùntàn, wọ́n sì ní dókítà. Ohun tí wọ́n ń pè ní atẹ́gùn aláàfíà, àárín ilé tó móoru ni wọ́n ti ń gbádùn rẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin àti kúbùsù

Báwo ni àwọn ènìyàn wa ṣe débẹ̀? Ojú irin ni. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908. Nígbà tó máa fi di 1912, ó ti pàdé èyí tó ń lọ sí Kánò ní Minna. Láti Zaria, wọ́n la ojú irin tóóró kan gun orí òkè. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ lọ. Ó dé Bukuru ní 1914, títí di 1957 ni wọ́n sì fi lò ó. Ní 1927, ojú irin ńlá tó gba Kafanchan wọ Jọ́ọ̀sì. Láti ìgbà náà, ọmọ Ọ̀fà tàbí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá ti dé ibùdókọ̀ ojú irin lè jókòó títí tó fi máa dé orí òkè.

Iṣẹ́ tí àwọn Yorùbá lọ ṣe níbẹ̀ kì í sábà jẹ́ iṣẹ́ ilẹ̀ wíwà. Wọ́n jẹ́ akọ̀wé, òṣìṣẹ́ ojú irin, télọ̀, káfíńtà, ṣùgbọ́n oníṣòwò ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní 1938, bàbá tó bí màmá mi wà lára wọn. Ọmọ ọdún 22 ni wọ́n. Wọ́n gun mọ́tò akẹ́rù láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìlọrin, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n máa ń sọ fún wa pé àwọn bi gbogbo ẹni tó ti dé Jọ́ọ̀sì rí léèrè ọ̀rọ̀ ọjà: èló ni yàrá, ta ló ń rà, ta ló ń sanwó lásìkò. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni léèrè nípa ojú ọjọ́. Bùbá àti ṣòkòtò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n wọ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá. Eyín wọn ń gbá ara wọn débi pé wọn kò lè dárúkọ ẹni tí wọ́n wá bá.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n rà ní Jọ́ọ̀sì ni kúbùsù. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n tà níbẹ̀ náà ni kúbùsù. Wọ́n rí i pé gbogbo àjèjì tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ló ń gbọ̀n bí àwọn ṣe gbọ̀n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra kúbùsù àti kíjìpá, wọ́n ń tà á ní ìtòsí ibùdókọ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù. Láàárín ọdún mẹ́wàá, wọ́n ti ra ilẹ̀ sí Ògbómọ̀ṣọ́. "Òtútù ló kọ́ ilé yìí," ni wọ́n máa ń wí fún àwọn àlejò, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín.

Ní ti ìgbé ayé, àwọn àjèjì wa gbé ilé dání lọ ni. Èlùbọ́ láfún ń tẹ̀lé wọn nínú ọkọ̀ ojú irin ní àpò-àpò, nítorí pé achá kò lè rọ́pò àmàlà lójú ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n gbọ́ Hausa, torí òun ni èdè ọjà, ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n fi ń gbàdúrà. Àwọn Onítẹ̀bọmi kọ́ ilé ìjọsìn wọn, àwọn Mùsùlùmí wá mọ́ṣáláṣí tiwọn. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń pàdé lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ń dá èésú, wọ́n ń sin òkú, wọ́n ń parí ìjà tọkọtaya. Leonard Plotnicov, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, bá àwọn àjèjì ìlú Jọ́ọ̀sì gbé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó sì kọ ìtàn ayé díẹ̀ nínú wọn sínú ìwé kan tó jáde ní 1967. Àjèjì ló pe àwọn ènìyàn náà nínú àkọlé ìwé rẹ̀. Orúkọ yẹn bá bàbá mi àgbà mu. Ọdún 48 ni wọ́n lò ní Jọ́ọ̀sì, wọn kò sì fi ọjọ́ kan pè é ní ilé. Àjò kò dùn kí onílé má relé.

Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè

Títí dé ibi tí a dé yìí, ẹni tó wọn ojú ọjọ́ wò kó tó lọ àti ẹni tó gbàgbé láti wọ̀n ọ́n ni mo ń sọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn kò jẹ́ kí òṣùwọ̀n dé ọwọ́ wọn rárá.

Nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ní ìbẹ̀rẹ̀ 1942, Japan gba Malaya lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tánganran tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò ti ń wá. Kíá ni wọ́n yíjú sí Jọ́ọ̀sì. Owó tí ibi ìwakùsà ń san kò tó láti fa àgbẹ̀ kúrò lóko rẹ̀, ni ìjọba bá fi ipá kó ènìyàn. Láti 1942 títí di 1944, ó ju 100,000 ènìyàn lọ tí wọ́n kó láti ìgbèríko Àríwá wá sí orí òkè náà. Àwọn olórí ìlú ni wọ́n ní kí wọ́n mú iye báyìí wá, wọ́n sì ń mú wọn wá. Bill Freund tó kọ ìtàn àwọn òṣìṣẹ́ ìwakùsà Nàìjíríà, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1981, ṣàlàyé ohun tí ojú wọn rí. Láti ilẹ̀ gbígbóná ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá. Ibùgbé wọn kò dára, oúnjẹ wọn kò tó, aṣọ ara wọn kò lè dá òtútù dúró. Àìsàn wọ àárín wọn, ọ̀pọ̀ kú, ọ̀pọ̀ sì sá lọ. Ní ìparí, tánganran tí wọ́n rí fi ipá yẹn wà kò pọ̀ tó ìyà tí wọ́n fi jẹ ènìyàn.

Ẹ wò ó: ní ọdún 1942 kan náà tí wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ òyìnbó ní Jọ́ọ̀sì nítorí pé atẹ́gùn ibẹ̀ dára, ọdún náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn àgbẹ̀ wá kú nínú atẹ́gùn yẹn. Òkè kan náà ni, òru kan náà ni.

Bàbá mi àgbà rí àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbọ́ tí wọ́n sọ̀rọ̀ nípa wọn. Wọ́n ní wọ́n ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù lówùúrọ̀, àwọn mìíràn fi àpò ṣe aṣọ. Wọ́n ń wo kúbùsù tó wà lórí okùn, wọ́n á sì máa lọ. Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé ẹ fún wọn?" Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó fèsì. "Mo fún ẹnì kan," ni wọ́n wí. "Wọ́n pọ̀."

Ọyẹ́ ọdún 1955 àti ọyẹ́ ọdún 1958

Ohun tí bàbá mi àgbà kì í sọ rárá ni mo gbọ́ lẹ́nu màmá mi lẹ́yìn tí lẹ́tà iṣẹ́ mi dé. Lẹ́yìn màmá mi, àwọn òbí wọn bí ọmọkùnrin méjì ní Jọ́ọ̀sì. Àkọ́kọ́ kú nínú ọyẹ́ ọdún 1955, kò tíì pé ọdún méjì. Ìkejì kú nínú ọyẹ́ ọdún 1958. Àwọn méjèèjì ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn máa ń wú, tí wọ́n máa ń ké lóru pé egungun ń dun àwọn. Àbíkú ni wọ́n pè wọ́n. Orúkọ tó ń bẹ ọmọ pé kó má ṣe lọ mọ́ ni wọ́n sọ ìkejì. Wọ́n so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn nídìí, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Kúbùsù kò wọ́n wọn nínú ilé; ilé oníkúbùsù ni. Ṣùgbọ́n lówùúrọ̀, omi tútù ni wọ́n fi ń wẹ ọmọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ara rẹ̀ lè le.

Kò sí ẹni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà wò, nítorí náà n kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé SS ni wọ́n. Ṣùgbọ́n AS ni màmá mi, AS ni èmi náà, mo sì mọ ohun tí mo ń rò. Ìmọ̀ nípa àìsàn yìí ti wà láyé nígbà náà. Ní 1910 ni Herrick, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ tí ìrísí rẹ̀ tẹ̀ bí akọrọ. Ní 1949 ni Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn pé inú èròjà pupa tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni àléébù náà wà. Ìmọ̀ ti wà, kò dé yàrá ìyá ìyá mi ni.

Ní 1959, ìyá àgbà mi di ẹrù wọn, wọ́n mú màmá mi dání, wọ́n padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọn kò padà lọ sí Jọ́ọ̀sì mọ́ títí wọ́n fi kú. Bàbá àgbà dúró síbẹ̀, wọ́n ń wálé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Màmá mi sọ fún mi pé nígbàkígbà tí bàbá àwọn bá ń sọ fún àlejò pé òtútù ló kọ́ ilé yìí, ìyá àwọn á dìde, wọ́n á wọ inú ilé lọ.

Ohun tí kò sí nínú ìròyìn ojú ọjọ́

Bí mo ti ń kàwé sí i, mo rí i pé àwọn ohun mìíràn wà tí àwọn àjèjì Jọ́ọ̀sì ìbá ti wọ̀n mọ́ òtútù. Ọ̀kan ni pé iṣẹ́ tó gbé ènìyàn lọ lè kú. Ní oṣù Kẹwàá 1985, owó ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń gbé iye tánganran ró tán, iye rẹ̀ sì já wálẹ̀ ní gbogbo ayé. Tánganran Jọ́ọ̀sì tilẹ̀ ti ń rọlẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Ohun tó ṣẹ́ kù ni kòtò tí omi kún inú wọn, lórí ilẹ̀ tí àwọn Berom ti ń dáko tẹ́lẹ̀ rí. Bàbá àgbà ti ṣọ́ọ̀bù wọn ní 1986.

Èkejì ni àlàáfíà. Hausa àti Ìgbò jà ní Jọ́ọ̀sì ní 1945. Ní 1966, wọ́n pa ọ̀pọ̀ Ìgbò níbẹ̀, àwọn tó kù sì sá lọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án 2001, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìlú, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ènìyàn kú. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2008 lẹ́yìn ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀, ó tún ṣẹlẹ̀ ní 2010. Nínú gbogbo rẹ̀, ìbéèrè kan ń padà wá: ta ni onílẹ̀, ta ni àjèjì? Ẹni tó bá fẹ́ kó lọ síbi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìbéèrè yẹn máa fi òun sí. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà: ọ̀pọ̀ Yorùbá ṣì ń gbé Jọ́ọ̀sì, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń tọ́mọ. Yunifásítì ibẹ̀, tó dá dúró ní 1975, ẹ̀ka Yunifásítì Ìbàdàn ló jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Okùn tó so wá pọ̀ kò já.

Òṣùwọ̀n tèmi

Nínú oṣù Kejìlá, mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, mo dá lọ sí Jọ́ọ̀sì. Mo mú ẹ̀rọ tí a fi ń mọ ìwọ̀n òtútù dání. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ní agogo márùn-ún ààbọ̀, dígírì 11 ni mo rí nínú àgbàlá ilé tí mo dé sí. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú súwẹ́tà méjì lára, mo sì ro ti omi tútù tí wọ́n fi ń wẹ àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá... rárá, àbúrò màmá mi ni wọ́n. Ikú wọn ti pẹ́ débi pé mo máa ń rò pé àgbà ni wọ́n. Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n fi mí mọ obìnrin ọmọ Ọ̀fà kan tó ní ọmọkùnrin ọmọ ọdún méjìlá, SS ni. Mo bi í bí ó ṣe ń ṣe é.

"Ẹ̀gbọ́n, òtútù nìkan kọ́," ló wí. "Nínú ọyẹ́, òùngbẹ kì í gbẹ ọmọ, kò sì ní mu omi. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Èmi máa ń gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tì í ni, bí ó fẹ́ bí ó kọ̀. Ìbọ̀sẹ̀ kì í kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. N kì í fi omi tútù kàn án. Ilé ìwòsàn ńlá kò sì jìnnà sí wa."

Mo ní, "Ṣé ẹ kì í rò ó pé kí ẹ gbé e padà sílé?"

Ó rẹ́rìn-ín. "A lo ọdún méjì ní Ìlọrin. Ibà ló ń gbé e dè lójoojúmọ́ níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ibà náà ń fa kíráísì. Ẹ̀fọn ibí kò pọ̀ tó ti ọ̀hún. Ẹ ó wọ̀n ọ́n ni."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ta mí. Èmi tí mò ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀, mo ti gbé òtútù sórí òṣùwọ̀n, mo gbàgbé láti gbé ẹ̀fọn sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọmọ mi ti wọ ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mẹ́rin ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà mẹ́ta nínú rẹ̀, ibà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ gbígbóná tí mo ń pè ní ibi ààbò ní idà tirẹ̀ lọ́wọ́.

Nígbà tí mo dé, mo jókòó ti màmá mi, a sì gbé gbogbo rẹ̀ kalẹ̀. Owó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Òtútù oṣù Kejìlá àti Kìn-ín-ní wà ní ìkejì. Ibà wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, àlàáfíà ìlú wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn wa tó wà lọ́hùn-ún wà níbẹ̀. Màmá mi ló sọ ohun tó yanjú rẹ̀. Wọ́n ní, "Àwọn òbí mi gbé Jọ́ọ̀sì lọ́dọọdún láti oṣù Kìn-ín-ní dé oṣù Kejìlá, nítorí pé ọjà kì í jẹ́ kí bàbá mi kúrò níbẹ̀ nínú ọyẹ́. Ìgbà yẹn ni kúbùsù ń tà jù. Ìwọ kì í ta kúbùsù."

Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà pé mo gba iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n wọlé nínú oṣù Kẹta, nígbà tí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n gbà. Ilé tí mo gbà kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ọyẹ́ bá tún ti ń sún mọ́lé, àbíkẹ́yìn mi yóò lọ bá ìyá àgbà rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, títí òtútù fi máa rọlẹ̀. Yóò pàdánù ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́. A ti bá olùkọ́ rẹ̀ sọ ọ́.

Bóyá mo wọ̀n ọ́n dáadáa, ọjọ́ iwájú ló máa sọ. Ohun tí ìtàn Jọ́ọ̀sì kọ́ mi ni pé kí ènìyàn má ṣe béèrè pé ṣé ìlú náà tutù tàbí ó gbóná nìkan. Kí ó béèrè pé ta ni òun ń mú lọ, kí ni òun ní láti fi bò ó, ta ló máa gbọ́ bí òun bá ké lóru. Òyìnbó ní ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí, wọ́n sì jèrè. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n kó ní 1942 kò ní ìdáhùn kankan, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n. Bàbá mi àgbà ní owó, wọ́n ní kúbùsù, wọ́n ní ìfẹ́ ọmọ, ìmọ̀ ni wọn kò ní. Èmi ní ìmọ̀ yẹn. Ojú ẹ̀ṣẹ̀ ni yóò jẹ́ bí n kò bá lò ó.

Ní ọjọ́ tí a máa gbéra, màmá mi gbé àpò kan wá. Súwẹ́tà kékeré mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ onírun mẹ́fà. Wọ́n ní bí àwọn bá lókun lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn fẹ́ wá kí wa nínú oṣù Kẹrin. Láti 1959, wọn kò tíì padà débẹ̀. Wọ́n ní ẹni kan gbọ́dọ̀ lọ wá ibi tí wọ́n sin àwọn àbúrò àwọn sí.